Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Kíkan Férémù Ibùsùn Onígi àti Títo Fóòmù Látẹ́ẹ̀sì Alápele

Àwọn ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni ó máa ń wá sí ọkàn ẹni tí ó bá ti pinnu láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan férémù ibùsùn, kí ó sì to fóòmù látẹ́ẹ̀sì lé e lórí. Orí fóòmù ni a ti bẹ̀rẹ̀, a kò bẹ̀rẹ̀ láti orí igi, nítorí pé ìwọ̀n fóòmù ni ó ń sọ bí férémù yóò ṣe tóbi tó.

Kí ni ìdí tí ènìyàn yóò fi ṣe wàhálà yìí nígbà tí ibùsùn tí a ti ṣe tán wà?

Fóòmù tí a ti ṣe tán máa ń wá ní odindi: wọ́n ti rán ojú aṣọ rẹ̀ pa, wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ inú rẹ̀ mọ́ra, tí ó fi jẹ́ pé bí ibì kan ṣoṣo nínú rẹ̀ bá jìn, gbogbo rẹ̀ ni a óò gbé sọnù. Èyí tí a bá tò fúnra wa kò rí bẹ́ẹ̀. Bóòtì ni ó so férémù rẹ̀ pọ̀, síìpù ni ó pa aṣọ rẹ̀ dé, ìpele kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ sì dá dúró. Ohun tí a bá lè tú ni a óò lè tún ṣe. Èmi ka èyí sí ìdí pàtàkì ju ọ̀rọ̀ owó lọ, nítorí pé látẹ́ẹ̀sì kì í ṣe ọjà ọ̀pọ̀, ẹni tí ó bá sì ra igi gidi mọ́ ọn lè má rí owó kankan fi pamọ́.

Ṣé ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ káfíńtà lè ṣe é?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá lè wọn nǹkan kí ó péye, tí ó sì lè lu ihò tí kò wọ́. Ibi tí a bá ti ra igi lè bá a gé e sí gígùn tí ó fẹ́. Ohun tí ó kù kò ju téèpù ìdíwọ̀n, síkúwíà tí a fi ń yẹ igun wò, ayùn, ẹ̀rọ ìluhò, sáńpépà àti ẹnì kejì tí yóò bá a di igi mú.

Kí gan-an ni látẹ́ẹ̀sì?

Oje funfun tí ó ń jáde lára igi rọ́bà nígbà tí a bá kọ èèpo rẹ̀ ni látẹ́ẹ̀sì. Bí a bá lù ú títí tí ó fi hó bí ọṣẹ, tí a dà á sínú àwo ńlá tí a sì fi ooru sè é, yóò di fóòmù tí ó kún fún ihò kéékèèké, tí a tẹ̀ tí ó sì tún padà sókè kíákíá. Èyí tí a fi epo rọ̀bì ṣe wà pẹ̀lú, èyí tí a pò mọ́ oje igi náà sì wà, nítorí náà kí ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó sanwó. Fóòmù lásán tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní polyurethane, kò ní oje igi rọ́bà nínú rárá. Ó fúyẹ́ ju látẹ́ẹ̀sì lọ, ó sì sábà máa ń tètè jìn.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín Dunlop àti Talalay?

Ọ̀nà méjì tí a ń gbà ṣe fóòmù látẹ́ẹ̀sì ni wọ́n. Ọdún 1929 ni ọ̀nà Dunlop ti bẹ̀rẹ̀, òun sì ni ó rọrùn jù: a lu oje náà, a dà á sínú àwo, a sè é. Nítorí pé ohun wúwo inú rẹ̀ máa ń rọra rọ̀ sísàlẹ̀ kí ó tó dì, ìsàlẹ̀ Dunlop máa ń le díẹ̀ ju òkè rẹ̀ lọ. Ní ti Talalay, a kì í da oje náà kún àwo. A ó dé àwo náà pa, a ó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí ìhó náà lè wú kún un, a ó mú un dì bíi yìnyín, a ó fẹ́ gáàsì kábọ́ọ̀nù dàọ́ksáídì wọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a óò tó sè é. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ sì máa ń ga, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì máa ń rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi Dunlop sísàlẹ̀ fún agbára, tí wọ́n sì ń fi Talalay sókè fún rírọ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú lílo Dunlop nìkan.

Kí ni nọ́ńbà ILD tí wọ́n máa ń kọ sí ara fóòmù?

Nọ́ńbà yìí ń sọ iye agbára, ní ìwọ̀n pọ́n-ùn, tí a óò lò kí pẹpẹ róbótó kan tó lè tẹ fóòmù náà wọlé dé ìdá kan nínú mẹ́rin nínípọn rẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga tó ni fóòmù yóò ṣe le tó. Láti 14 sí 19 rọ̀, àwọn tí ó bọ́ sí ogún àti díẹ̀ wà ní agbedeméjì, láti 30 sókè ni ó ti ń le, èyí tí ó bá dé 40 sì le gan-an. Kí ẹ má ṣe gbára lé nọ́ńbà yìí jù, nítorí pé bí ilé iṣẹ́ kan ṣe ń wọ̀n ọ́n lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí ẹ bá lè rí ibi tí ẹ ti lè dùbúlẹ̀ lé fóòmù náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀yìn yín yóò sọ òtítọ́ ju nọ́ńbà lọ.

Ìpele mélòó ni mo nílò, báwo sì ni kí n ṣe tò wọ́n?

Ìpele mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 7.5, ni ó wọ́pọ̀ jù, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22.5. Èyí tí ó le jù lọ ni a ń tẹ́ sísàlẹ̀, èyí tí ó wà ní agbedeméjì tẹ̀ lé e, èyí tí ó rọ̀ sì wà lókè. Ẹni tí ó sanra gan-an lè fẹ́ ìpele kẹrin, tàbí kí ó mú kí ìpele òkè pàápàá le díẹ̀.

Bí a ṣe ń sùn ṣe pàtàkì ju bí a ṣe tóbi tó lọ. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn nílò òkè tí ó rọ̀, kí èjìká àti ìbàdí rẹ̀ lè rì wọlé kí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà ní ọ̀gbọọrọ. Bí òkè bá le jù fún un, apá rẹ̀ yóò máa kú tipiri lóru. Ẹni tí ó ń dojú bolẹ̀ sùn kò gbọdọ̀ rì, nítorí pé ikùn rẹ̀ yóò fa ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ wọlé, nítorí náà ohun tí ó le ni tirẹ̀. Ẹni tí ó ń fẹ̀yìn lélẹ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì.

Mo ti tò ó, ṣùgbọ́n ara kò rọ̀ mí lórí rẹ̀. Ṣé owó ti ṣòfò nìyẹn?

Rárá o. Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹni ti ń sanwó padà gan-an nìyí. Ìpele mẹ́ta ní ọ̀nà mẹ́fà tí a lè gbà tò ó. Bí ó bá dà bí ẹni pé ẹ ń rì jù, ẹ ṣí síìpù, kí ẹ gbé èyí tí ó le bọ́ sí àárín, kí agbedeméjì lọ sísàlẹ̀: òkè yóò ṣì rọ̀ lábẹ́ èjìká, ṣùgbọ́n ara yóò tètè kan ohun tí yóò gbé e dúró. Bí ó bá le jù, ẹ jẹ́ kí agbedeméjì bọ́ sókè kí èyí tí ó rọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kì yóò rọ̀ lójú bí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n yóò túbọ̀ jìn sísàlẹ̀. Ẹ fún ètò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, nítorí pé ara tí ó ti mọ́ fóòmù jíjìn láti ọdún pípẹ́ yóò kọ́kọ́ ráhùn sí èyí tí ó dára.

Kí ẹ tó dá fóòmù lẹ́bi, ẹ wo aṣọ tí ẹ fi bò ó. Aṣọ tí ó nípọn, tí a fi irun àgùntàn púpọ̀ kún, tí kò sì nà, máa ń mú kí òkè le ju bí ó ti yẹ lọ.

Èmi àti ẹni tí a jọ ń sùn kò fẹ́ irú kan náà. Kí ni ṣíṣe?

Ẹ gé ìpele náà sí méjì ní gígùn, kí oníkálùkù ní èyí tí ó wù ú ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Àwọn ìpele òkè méjì ni kí ẹ gé, kí ẹ jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ wà lódidi kí àárín má baà ya. Bí ó bá jẹ́ pé ìpele òkè pátápátá ni ẹ gé, àwọn kan máa ń mọ ojú ibi tí ó ti pínyà lára. Aṣọ tí ó nípọn díẹ̀ lókè yóò bò ó.

Ṣé kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ àwọn ìpele náà mọ́ra?

Ẹ má ṣe é. Látẹ́ẹ̀sì máa ń di ara rẹ̀ mú, kì í yọ̀ bí ó bá ti wà nínú aṣọ tí ó bá a mu. Ẹni tí ó bá lẹ̀ ẹ́ ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ó ra odindi. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí gíga aṣọ náà bá àpapọ̀ gíga ìpele mu. Bí aṣọ bá tóbi, ibẹ̀ ni yíyọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ìwọ̀n tí férémù yóò jẹ́?

Ẹ dúró kí fóòmù dé, kí ẹ gbé e sínú aṣọ rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan kí ó lè nà tán, nígbà náà ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n tí a kọ sí ìwé lè yàtọ̀ sí ohun tí ó dé ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ọwọ́ lè ráyè ti aṣọ ìtẹ́bùsùn wọlé. Ní ti gíga, ẹ jókòó sórí àga tí ó bá yín lára mu, kí ẹ wọn ilẹ̀ dé ibi ìjókòó rẹ̀: bí òkè fóòmù bá súnmọ́ iye yẹn tàbí tí ó ga jù ú lọ díẹ̀, àtijókòó àti àtidìde kò ní í ni yín lára. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Irú igi wo ni ó dára?

Igi líle bíi ìrókò, tíìkì tàbí óòkù dára, páìnì náà sì dára bí ẹ bá jẹ́ kí ó nípọn díẹ̀ sí i. Gbígbẹ igi ṣe kókó ju orúkọ rẹ̀ lọ. Igi tí a óò lò nínú ilé yẹ kí omi tí ó kù nínú rẹ̀ wà ní nǹkan bíi ìdá 8 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá rà á, ẹ tò ó sínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ẹ fi igi wẹ́wẹ́ pààlà sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá, kí ẹ tó fi ayùn kàn án. Igi máa ń fẹ̀, ó sì máa ń sún kì ní ìbú rẹ̀, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ẹni tí ó bá fi èyí sọ́kàn yóò mọ ìdí tí pákó fi ń là níbi tí a ti kan án pa ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Igi kan wà tí mo kọ̀ pátápátá: èyí tí a fi oògùn kòkòrò sí lára fún ìlò ìta gbangba. Àwọn oògùn àtijọ́ kan ní ásẹ́níìkì àti bàbà nínú. Májèlé ni ásẹ́níìkì, bàbà sì máa ń mú kí rọ́bà tètè bàjẹ́.

Kí ni yóò jẹ́ kí férémù má tẹ̀ lábẹ́ ẹrù?

Ẹ kọ́kọ́ ro ẹrù náà. Fóòmù látẹ́ẹ̀sì tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 152, tí ó gùn tó 203, tí ó sì nípọn tó 22.5, lè wọn kìlógíráàmù 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gun orí rẹ̀. Ẹ wá fi àgbàlagbà méjì kún un, àti ọmọ tí yóò fò sókè lórí rẹ̀ ní òwúrọ̀.

Gíga pákó ni agbára rẹ̀ wà, agbára náà kò sí nínú nínípọn rẹ̀. Bí ẹ bá sọ gíga pákó ẹ̀gbẹ́ di ìlọ́po méjì, yóò le ní ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ó bá jẹ́ nínípọn rẹ̀ ni ẹ sọ di ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì péré ni yóò fi le sí i. Nítorí náà, ẹ fi pákó náà dúró lórí etí rẹ̀, ẹ má fi dùbúlẹ̀. Pákó tí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 18, tí ó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, yóò ṣiṣẹ́ náà láìsí wàhálà. Òpó àárín náà wúlò: bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ kan gbé igi ní agbedeméjì, ibi tí igi ti ń dá ẹrù gbé ti dínkù sí ìdajì. Ibùsùn tí ó bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 120 lọ kò yẹ kí ó wà láìní igi àárín tí ó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ ní ilẹ̀. Kí ẹsẹ̀ yìí kàn ilẹ̀ ni a ń fẹ́, kí ó má ṣe gbé ibùsùn sókè. Bí ó bá gùn ju àwọn yòókù lọ ní mìlímítà mélòó kan, gbogbo ibùsùn yóò máa mì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Ẹsẹ̀ tí a lè yí sókè sódò ni ó dára jù, nítorí pé ilẹ̀ yàrá kì í sábà tẹ́jú.

Báwo ni kí pákó ìdábùú tí fóòmù yóò sùn lé ṣe súnmọ́ra tó? Ṣé n kò lè fi pákó odindi tẹ́ ẹ ni?

Látẹ́ẹ̀sì kò ní irin nínú, nítorí náà yóò máa rọ̀ wọ inú àlàfo tí ó bá fẹ̀. Àlàfo náà kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 7.5 lọ, èmi fẹ́ràn sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí kí ó dín díẹ̀. Fún férémù tí inú rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 203, pákó 17 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, tí ó sì nípọn tó 2, yóò fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ láàárín ara wọn. Skúrù kan ṣoṣo ní àárín orí pákó kọ̀ọ̀kan tó, kí igi lè ráyè sún.

Pákó odindi kò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ fóòmù. Ara ènìyàn máa ń tú ọ̀rinrin jáde lóru, ọ̀rinrin náà yóò sọ̀kalẹ̀, bí kò bá sì rí ibi gbà jáde, ìsàlẹ̀ fóòmù yóò bu, yóò sì máa rùn. Bí ó bá jẹ́ pé pákó odindi ni ẹ ní, ẹ lu ihò púpọ̀ sí i.

Báwo ni kí n ṣe so férémù pọ̀?

Ẹ lo bóòtì àti nọ́ọ̀tì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì sí igun kan, kí pákó má baà yí. Skúrù tí a fi wọ ojú ibi tí a ti gé orí igi kì í di igi mú dáadáa, nítorí pé ó ń wọ àárín fọ́nrán igi, kò gé wọn ní ìdábùú. Yóò mú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò máa tú. Bóòtì tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà nínú ihò tí a lu láti ẹ̀gbẹ́ pákó kò ní ìṣòro yìí, a sì lè tú u nígbà tí a bá ń kó kúrò nílé.

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí pákó ìdábùú yóò jókòó lé ni ibi kan ṣoṣo tí mo ti fọwọ́ sí gọ́ọ̀mù. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú pákó ẹ̀gbẹ́ ní gbogbo gígùn rẹ̀, kí ẹ sì fi skúrù dè é ní sẹ̀ǹtímítà ogún sí ogún, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́kọ́ lu ihò kéékèèké kí igi má baà là. Ẹ jẹ́ kí ó wà nísàlẹ̀ tó kí fóòmù lè rì wọ inú férémù ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Kí ẹ tó dì í gbọin-gbọin, ẹ wọn igun sí igun ní ìhà méjèèjì: bí gígùn méjèèjì bá dọ́gba, igun yín péye.

Ibùsùn mi ń dún kíìkíì. Níbo ni kí n ti wá a?

Ẹ kọ́kọ́ fún àwọn bóòtì pọ̀. Igi máa ń sún díẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, ohun tí a sì ti dì dáadáa yóò dẹ̀. Bí ó bá ṣì ń dún, igi ni ó ń ha igi: ẹ fi ìda tàbí aṣọ fẹlẹfẹlẹ sí ibi tí pákó ìdábùú ti jókòó.

Kí ni kí n fi kun igi náà?

Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 80, 120 àti 180 ra á tẹ̀ léra, kí ẹ sì fi ìbòmú bo imú, nítorí pé eruku igi wà lára ohun tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn èyí, fáníìṣì tàbí òróró linseed dára. Nǹkan méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èkíní ni pé òróró linseed máa ń mú ooru jáde bí ó bá ti ń gbẹ, àkísà tí a fi nù ún tí a sì rún jọ sí igun lè gbóná títí yóò fi gbiná fúnra rẹ̀; ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kí ó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi. Èkejì ni pé òróró máa ń ba rọ́bà jẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí férémù gbẹ tán pátápátá kí fóòmù tó kàn án.

Báwo ni a ṣe ń gé látẹ́ẹ̀sì, báwo ni a sì ṣe ń gbé e?

Ọ̀bẹ gígùn eléyín bíi ti búrẹ́dì tó. Ẹ fa ìlà sí i, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì máa gé e fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin dípò kí ẹ fi agbára gé e lẹ́ẹ̀kan. Omi ọṣẹ díẹ̀ lára ọ̀bẹ kì í jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ má fi ìka mú etí rẹ̀ fà, yóò ya. Ẹ ká a bí ẹní, kí ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ̀yin méjì sì jọ gbé e lábẹ́.

Ó ń rùn. Ṣé ó léwu fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ rọ́bà?

Òórùn rọ́bà tuntun máa ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sá a sí oòrùn. Ní ti àlejì, àwọn purotéènì inú oje igi náà ni ó ń fà á. Wọ́n máa ń fọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kúrò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe fóòmù, aṣọ sì wà láàárín rẹ̀ àti ara. Síbẹ̀, ẹni tí rọ́bà ti mú ara rẹ̀ wú tàbí tí ó ti dí i lémìí rí gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó rà á.

Ṣé ọmọ ọwọ́ lè sùn lórí rẹ̀?

Rárá. Orí ohun tí ó le tí ó sì tẹ́jú ni ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa sùn sí, ní ibùsùn tirẹ̀. Ohun rírọ̀ lè dí i nímú.

Ìtọ́jú wo ni ó nílò?

Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́: látẹ́ẹ̀sì tí oòrùn ń pa yóò di pupa rẹ́súrẹ́sú, yóò gbẹ, yóò sì máa já bí àkàrà ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ máa bò ó nígbà gbogbo, ẹ má sì fọ fóòmù náà nínú omi, nítorí pé kò ní í tètè gbẹ. Bí nǹkan bá dà sí i, ẹ fi aṣọ ọ̀rinrin nù ún kí ẹ sì fẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ yí ìpele òkè kí ibi orí di ibi ẹsẹ̀, kí ẹ sì tún bóòtì dì ní ọjọ́ kan náà. Ìpele òkè ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń gba ara. Bí ó bá di ọjọ́ náà, ẹ ṣí síìpù, ẹ yọ òun nìkan, kí ẹ ra ẹyọ kan ṣoṣo fi rọ́pò rẹ̀.